"A Kò Rí I": Ẹ̀kọ́ Láti Inú Eré Wíwá Àpótí

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe èyí tí a rí kà nínú ìwé. Ẹsẹ̀ ni a fi rìn ín, ojú sì tì wá níbẹ̀.

Nínú oṣù keje ọdún 2023, àwa àti Bàbá Àgbà lọ kí ọmọ wa obìnrin àti ọkọ rẹ̀ ní ìlú Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀sẹ̀ 8 ni a lò lọ́dọ̀ wọn. A ti rò pé inú ilé ni a óò máa jókòó sí, tí a óò máa se ọbẹ̀, tí a óò sì máa wo tẹlifíṣọ̀n. Àṣé àwọn ọmọ-ọmọ wa méjèèjì, ọkùnrin tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 11 àti àbúrò rẹ̀ obìnrin tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 6, ti ní iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀ fún wa. Ní òwúrọ̀ Sátidé àkọ́kọ́, wọ́n gbé bàtà òjò síwájú wa, wọ́n ní, "Màmá, Bàbá, ẹ dìde, a fẹ́ lọ wá àpótí."

Geocaching ni wọ́n ń pe eré náà. Ẹ jẹ́ kí a ṣe àlàyé rẹ̀ díẹ̀, nítorí pé púpọ̀ nínú wa ni ó ní ọmọ lẹ́yìn odi, ó sì lè kàn yín lọ́la. Ẹnìkan yóò fi àpótí kékeré kan pamọ́ síbì kan: ó lè jẹ́ ìdí igi, ihò ara ògiri tàbí ẹ̀yìn òkúta. Kò gbọ́dọ̀ rì í mọ́lẹ̀, òfin eré náà kọ̀ ọ́. Yóò wá kọ nọ́ńbà ibẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn nọ́ńbà tí ń sọ bí ibẹ̀ ti jìnnà tó sí àríwá tàbí gúúsù, sí ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn, gẹ́gẹ́ bí àwa olùkọ́ ti máa ń fi máàpù kọ́ àwọn ọmọ nínú ẹ̀kọ́ jọ́gíráfì. Ẹni tí ó fẹ́ wá a yóò fi nọ́ńbà náà sínú fóònù, fóònù yóò gba àmì láti ọ̀dọ̀ àwọn sátẹ́láìtì tí ó wà lókè, yóò sì máa tọ́ ọ sọ́nà. Nínú àpótí ni ìwé kékeré kan wà tí ẹni tí ó bá rí i yóò kọ orúkọ àti déètì sí. Bí àpótí bá tóbi díẹ̀, nǹkan ìṣeré wẹ́wẹ́ máa ń wà níbẹ̀ fún ọmọdé. Bí o bá mú ọ̀kan, kí o fi òmíràn tí iye rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rọ́pò. Lẹ́yìn náà ni o óò dá àpótí padà sí ibi tí o ti bá a gan-an, kí ẹlòmíràn lè wá tirẹ̀. Eré bojúbojú ni, àfi pé àpótí ni ó sá pamọ́.

Eré náà kò tíì pẹ́ púpọ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà ni ó ni àwọn sátẹ́láìtì GPS, àwọn ológun wọn a sì máa mọ̀ọ́mọ̀ da àmì rẹ̀ rú fún ará ìlú, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rọ fi lè fi 100 mítà ṣìnà. Ní ọjọ́ 2 oṣù karùn-ún ọdún 2000, nípa àṣẹ Ààrẹ Bill Clinton, wọ́n dáwọ́ ìdàrú náà dúró. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Dave Ulmer gbé korobá dúdú kan sínú igbó nítòsí Beavercreek ní ìpínlẹ̀ Oregon, ó sì kọ nọ́ńbà ibẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, Mike Teague ti wá a rí. Nígbà tí ó di oṣù kẹsàn-án ọdún náà, Jeremy Irish ti ṣí ojúlé kan fún eré yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lónìí, àwọn àpótí tí ó wà káàkiri ayé ju mílíọ̀nù 3 lọ. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì yóò sọ fún yín pé àwọn ti ń ṣe irú rẹ̀ ní Dartmoor láti ọdún 1854, nígbà tí James Perrott gbé ìgò kan kalẹ̀ ní Cranmere Pool kí ẹni tí ó bá rìn débẹ̀ fi káàdì orúkọ rẹ̀ sínú rẹ̀. Ìyẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ àárín wọn, a kò dá sí i.

Orí òkè Chevin, lókè ìlú Otley, ni a ti kọ́kọ́ rí èèmọ̀. Ọfà kékeré kan wà nínú fóònù tí ń tọ́ka síbi tí àpótí wà. Bàbá Àgbà, tí kì í gba ìtọ́sọ́nà lọ́wọ́ ènìyàn, gba ti ọfà yìí gbọ́ pátápátá. Ọfà ní ó ku 60 mítà. Bàbá bọ́ kúrò lójú ọ̀nà, ó sì wọ inú ewéko lọ tààrà. Ewéko náà, ìbátan èsìsì wa ni, bí ó ti ń jó ni bẹ́ẹ̀ gan-an ni tiwọn náà ń ṣe. Àwọn àgbà ní iná èsìsì kì í jó ni lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n ó jó Bàbá lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan ṣoṣo, nítorí pé ọ̀nà tí ó gbà wọlé náà ni ó gbà jáde. Àwọn ọmọ já ewé gbọọrọ kan tí ó hù nítòsí, wọ́n ń fi í ra ẹsẹ̀ Bàbá, wọ́n sì ń pa ẹ̀rín mọ́ra. Ojú ọ̀nà tí ó yípo lọ síbi àpótí náà wà lẹ́yìn wa, ó mọ́ tónítóní. Bí ẹyẹ ti ń fò ni ọfà ń tọ́ka. Kò mọ odò, kò mọ ògiri, kò sì mọ èsìsì.

Ọmọkùnrin wa tún kọ́ wa ní ohun kan lọ́jọ́ náà tí a kò gbàgbé. Lábẹ́ igi tí ewé rẹ̀ pọ̀, àmì sátẹ́láìtì kì í dúró sójú kan. Nítorí náà, bí ó bá ti ku bí 10 mítà, ó ní, "Màmá, ẹ fi fóònù sápò. Ẹ wo ohun tí kò bá ibẹ̀ mu." A wò títí, a rí òkúta pẹlẹbẹ mẹ́rin tí wọ́n tò sí ìdí igi kan. Òjò kì í to òkúta. Ẹ̀yìn wọn ni àpótí wà.

Èèmọ̀ kejì, ẹ̀bi wa ni pátápátá. A ti gbé kúlíkúlí lọ láti ilé. Ní Sátidé kejì, a rí àpótí kan tí ó tóbi díẹ̀, ó sì wù wá kí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn tọ́ nǹkan ilẹ̀ wa wò. A di kúlíkúlí díẹ̀ sínú ọ̀rá, a fi sí i nígbà tí àwọn ọmọ kọ ẹ̀yìn síbẹ̀. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹnìkan kọ ọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì pé eku ti jẹ etí ọmọrí àpótí, omi ti wọlé, ìwé inú rẹ̀ sì ti di ẹ̀kọ. Ọkọ ọmọ wa ni ó ra àpótí àti ìwé mìíràn, kò sì sọ ọ̀rọ̀ kankan, èyí tí ó dùn wá ju bí ó bá sọ̀rọ̀ lọ. Òfin eré náà ni pé oúnjẹ kò gbọ́dọ̀ wọ inú àpótí. Nígbà tí a sì bi wọ́n léèrè, wọ́n ní agolo ẹ̀wà kan wà nínú korobá Dave Ulmer àkọ́kọ́! Ó dára, a kì í ṣe àkọ́kọ́ nínú àṣìṣe yìí.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ti ìyá tí ó mú ajá lọ́wọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpópónà kan, àwa àti Bàbá bẹ̀rẹ̀, a ń fi ọwọ́ tọ abẹ́ àga tí wọ́n gbé síta fún ará ìlú. Ìyá yìí dúró, ó bi wá bí a bá sọ nǹkan nù. Bàbá yára dáhùn pé, "Rárá, kòkòrò ni a ń wò." Ìyá náà kò lọ, ó tún tẹ ojú mọ́ wa. Ọmọbìnrin wa kékeré ni ó sá dé, tí ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìfi ohunkóhun pamọ́. Ojú ìyá náà yí padà, òun náà sì bá wa wá a. Ní ọ̀nà ilé ni ọkọ ọmọ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún wa pé ní ọdún 2011, ní ìlú Wetherby tí kò jìnnà sí Leeds, irú àpótí bẹ́ẹ̀ dá ìpayà sílẹ̀. Ẹni tí ó rí i rò pé bọ́ǹbù ni, wọ́n pe ọlọ́pàá, wọ́n ti òpópónà pa, àwọn ológun tí ó mọ̀ nípa bọ́ǹbù sì fọ́ ọ túútúú. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi wá, ohun tí a ń ṣe gan-an ni a ń sọ.

Ọ̀wọ́ àpótí kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní Church Micro, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n, nítòsí ilé ìsìn ni wọ́n sì máa ń fi wọ́n sí. Inú wa dùn nígbà tí ọ̀kan nínú wọn mú wa dé ilé ìsìn Mẹ́tọ́díìsì kékeré kan ní abúlé kan. Èyí kì í sọ ibi tí àpótí wà fún ni lẹ́ẹ̀kan náà. A ní láti ka ọdún tí ó wà lára òkúta ìpìlẹ̀, kí a sì fi nọ́ńbà tí ó kẹ́yìn níbẹ̀ dí àlàfo tí wọ́n fi sílẹ̀. Ẹ̀yin arábìnrin, ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí a fi kọ́ ọmọ ní ìṣirò. A wo òkúta náà, a ní, "1861." Ọmọkùnrin wa sún mọ́ ọn, ó ní, "Màmá, ó jọ 7 lójú mi." A ní, "Ṣé ìwọ ni olùkọ́ ni, àbí àwa?" Ó dákẹ́. A fi 1 sí i.

Ẹ wo ohun tí nọ́ńbà kan lè ṣe. Ní ipò tí nọ́ńbà náà wà, ẹyọ kan péré jẹ́ nǹkan bíi 18 mítà sí àríwá. Láti 1 dé 7 jẹ́ ẹyọ 6, ó sì mú wa ṣìnà tó bíi 110 mítà. Inú pápá màlúù ni ó gbé wa dé. A wá ẹ̀gbẹ́ ọgbà, a wá ìdí igi, a tẹ ohun tí màlúù fi sílẹ̀. Fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 40, ọmọ yìí ń tẹ̀lé wa, kò sì tún sọ pé "mo ti sọ fún yín." Nígbà tí ó rẹ̀ wá, a padà síbi òkúta, a fi ìka tọ ojú ìlà tí wọ́n gbẹ́ sára rẹ̀. 7 ni. Ewédò ti bo orí rẹ̀. A bẹ ọmọ náà lójú àbúrò rẹ̀ àti lójú ìyá rẹ̀, nítorí pé ojú wọn ni a ṣe pa á lẹ́nu mọ́. Àpótí náà kò tó ìka àtàǹpàkò, a kò sì rí nǹkan fi fa ìwé inú rẹ̀ jáde, àfi ìgbà tí a yọ píìnì irun wa.

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ń lọ, ẹ jẹ́ kí píìnì irun wà lọ́wọ́. Pẹ́ńsùlù ni kí ẹ mú, kì í ṣe bírò, nítorí pé bírò kì í kọ lórí ìwé tí ó tutù. Ẹ wọ aṣọ alápá gígùn. Ẹ fi iná sí fóònù dáadáa kí ẹ tó jáde, kí ẹ sì tètè máa bọ̀ nílé.

Ọ̀rọ̀ tí ó mú kí a kọ ẹ̀kọ́ yìí gan-an ni ó kù. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ní Ọjọ́bọ̀ kan, a mú àwọn ọmọ lọ sínú igbó kékeré kan tí kò jìnnà sí ilé. Ìyá wọn wà lẹ́nu iṣẹ́. Ọmọbìnrin wa kékeré ti fi ìlẹ̀kẹ̀ pupa tí a mú wá láti Nàìjíríà sín ẹ̀gbà ọwọ́ kan, ọjọ́ mẹ́ta ni ó fi ṣe é, ó sì ń fẹ́ fi í sínú àpótí kí ọmọ mìíràn lè mú un. A dé ibẹ̀, a wá àpótí tì. Òjò bẹ̀rẹ̀. Ó lé ní wákàtí kan tí a fi wá a, kò sí nínú kùkùté igi tí wọ́n júwe, kò sì sí nítòsí rẹ̀. Ọmọ bú sẹ́kún. Igbe rẹ̀ pọ̀, òjò ń rọ̀, orúnkún ń dùn wá. Ni a bá gba ẹ̀gbà ọwọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, a ní kí ó lọ dúró ti Bàbá rẹ̀ lábẹ́ igi. A bẹ̀rẹ̀ síbi kùkùté náà, a ju ẹ̀gbà ọwọ́ sínú báàgì wa, a dìde, a ní, "Àwa ti rí i o! A ti fi í síbẹ̀." Ẹkún dá.

Lórí fóònù, lára ohun tí ènìyàn lè kọ lẹ́yìn ìrìn-àjò ni: a rí i, tàbí a kò rí i. Ọmọkùnrin wa rí ohun tí a ṣe. Ó gbé fóònù dání, ó wo ojú wa, ó ní, "Màmá, kí ni kí n kọ?"

A ní, "Kọ ọ́ pé a rí i. Ta ni yóò mọ̀?"

Àwa ni a sọ bẹ́ẹ̀. Àwa tí a máa ń da ìwé ọmọ nù bí ó bá jí iṣẹ́ ẹnìkejì rẹ̀ wò. Ọmọ náà kọ ọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ajé, a wà nídìí oúnjẹ, ó ń wo fóònù ìyá rẹ̀, ó sì ka ohun kan sókè. Obìnrin kan ni ó kọ ọ́. Ó ní òun àti ọmọ òun wọ ọkọ̀ méjì kí àwọn tó dé igbó náà ní ọjọ́ Àìkú, àwọn wá a fún wákàtí méjì, àwọn kò rí i. Ó ní, "Àwa ì bá ti tètè padà, ṣùgbọ́n ẹnìkan kọ ọ́ pé òun rí i ní Ọjọ́bọ̀, nítorí náà ni a ṣe dúró pẹ́." Ọmọkùnrin wa gbé fóònù sílẹ̀. Kò wo ìyá rẹ̀, kò wo àbúrò rẹ̀. Àwa ni ó ń wò.

Ohun tí a kò mọ̀ ni pé "a kò rí i" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtìjú nínú eré náà. Iṣẹ́ ni ó ń jẹ́. Bí ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta bá kọ ọ́ léra wọn, ẹni tí ó ni àpótí yóò mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí àpótí òun ti sọnù, yóò lọ wò ó, bí kò bá sí, yóò fi òmíràn síbẹ̀. Kí àwa tó dé ibẹ̀, ènìyàn méjì ti kọ ọ́ pé àwọn kò rí i. Ẹni tí ó ni àpótí sọ fún wa lẹ́yìn náà pé òun ti ń wọ bàtà láti lọ nígbà tí òun rí tiwa, òun sì bọ́ bàtà òun. Ọ̀rọ̀ kan péré tí a fi rẹ ọmọ lẹ́kún ti bo òtítọ́ ẹni méjì mọ́lẹ̀, ó sì dá obìnrin tí a kò mọ̀ rí dúró nínú igbó títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, a sọ ọ́ fún ọmọ wa àti ọkọ rẹ̀. Ọmọkùnrin wa pa ohun tí ó kọ rẹ́, ó kọ "a kò rí i" sí ipò rẹ̀ pẹ̀lú déètì Ọjọ́bọ̀, a sì ní kí ó fi kún un pé àgbàlagbà ni ó sọ pé kí ó kọ ti àkọ́kọ́, kì í ṣe òun. Ó bi wá bí a bá fẹ́ kí òun kọ ìyẹn lóòótọ́. A ní bẹ́ẹ̀ ni. A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ obìnrin náà, a sì kọ̀wé sí ẹni tí ó ni àpótí.

Ti ọmọ kékeré ni ó le jù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a pè é sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, a mú ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ jáde láti inú báàgì. A ti múra sílẹ̀ fún ẹkún. Kò sunkún. Ó gbà á, ó ka ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá ó pé, ó ní, "Màmá, ẹ̀yin ni ẹ ní kí n máà purọ́." Lẹ́yìn ìyẹn, fún ọjọ́ mẹ́ta, bí a bá sọ nǹkan fún un, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó ń lọ bi bóyá òótọ́ ni.

Nígbà tí ẹ bá ka ẹ̀kọ́ yìí ní ìpàdé, kí àwọn ìyá sọ ti ẹnu wọn láìbẹ̀rù. Èwo ni a ti fi irọ́ rẹ ọmọ lẹ́kún rí, ta ni ó sì jìyà rẹ̀? Àwọn ọ̀dọ́ nínú wa náà lè sọ èyí tí wọ́n bá lọ́wọ́ àwọn àgbà. Kí a má pa wọ́n lẹ́nu mọ́.

Ẹni tí ó ni àpótí lọ wò ó lóòótọ́, kò bá nǹkan kan. Kùkùté náà ti jẹrà, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sì ti lọ. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí a padà sí Nàìjíríà ni ó fi tuntun síbẹ̀, nídìí igi mìíràn. Ọmọ wa pè wá lórí fóònù ní ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀lé e pé àwọn lọ síbẹ̀, wọ́n rí i, ọmọkùnrin kọ orúkọ wọn sínú ìwé, àbúrò rẹ̀ sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ẹ̀gbà ọwọ́ náà síbẹ̀, ó sì ní kí gbogbo wọn wá wò ó kí òun tó pa ọmọrí dé. Ẹni tí ó dé lẹ́yìn wọn kọ ọ́ pé ọmọ òun mú ìlẹ̀kẹ̀ pupa kan, ó sì fi ràkúnmí rọ́bà kékeré kan rọ́pò. Ọmọbìnrin wa ṣì ń bi ìyá rẹ̀ nígbà tí wọn yóò lọ mú ràkúnmí náà wá.